Odumosu Lọ, Lẹ́tà Rẹ̀ Kù

Lẹ́tà mẹ́ta ni orúkọ ẹgbẹ́ náà: BLO. B ni Berkely Jones tó ń ta gìtá. L ni Laolu Akintobi, onílù wọn, tí àwọn olólùfẹ́ orin mọ̀ sí Laolu Akins. O ni Gbenga Odumosu, tí wọ́n tún ń pè ní Mike, òun ló gbé gìtá báàsì kọ́rùn. Àwọn méjì tó ṣáájú fi orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ sílẹ̀, ẹnì kẹta fi orúkọ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bó ṣe dùn lẹ́nu ni wọ́n wò, torí ta ni yóò ra àwo ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ BLG? Ọdún 1972 ni wọ́n kóra jọ ní Èkó. Àwo wọn kìíní jáde ní 1973. Lẹ́yìn ìyẹn ni Odumosu gbé gìtá rẹ̀, ó bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ, ẹlòmíràn sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà O kò tẹ̀ lé e. Títí tí ẹgbẹ́ náà fi kógbá sílé ní 1982, lẹ́tà oníbáàsì yìí wà lára páálí àwo wọn, kódà níbi tí ìka rẹ̀ kò ti kan okùn kan.

Lójú tèmi, bí iṣẹ́ oníbáàsì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń kọrin kò ṣeé pààrọ̀. Bí Fela bá kúrò nínú ẹgbẹ́ Fela, kò sí ẹgbẹ́ mọ́. Ẹni tó ń ta gìtá tó ń ké gooro náà lè ní àwọn tí yóò máa tẹ̀ lé e káàkiri. Oníbáàsì ńkọ́? Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń wá a, ìwọ̀nba èèyàn ló mọ orúkọ rẹ̀, nítorí náà ó lè ṣí láti ìdí orin kan bọ́ sí ìdí òmíràn láìsí ariwo. Àǹfààní ni, àdánù sì ni. Àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó gba Èkó kan láàárín 1970 sí 1980 kún fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Jones àti Akins kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ nígbà tí wọ́n wá oníbáàsì kún ara wọn. Wọ́n ti wà nínú The Clusters ṣáájú ogun abẹ́lé, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Beatles ilẹ̀ Nàìjíríà, tó sì ti ṣeré lẹ́yìn Geraldo Pino, ọmọ Sierra Leone tó gbé orin sóòlù wọ Èkó tìlù-tìfọn débi pé Fela fúnra rẹ̀ ní láti tún inú rò. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Afrocollection sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìbejì Lijadu, Taiwo àti Kehinde. Àsìkò yẹn ni Ginger Baker dé. Òyìnbó onílù yìí ló ti wà nínú Cream, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó dá wàhálà sílẹ̀ nínú orin rọ́ọ̀kì láàárín 1966 sí 1968. Ní 1971 ó wakọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà já, ó dé Èkó. Ó bá Fela ṣeré, ó bá àwọn ọmọ Afrocollection ṣeré, ó sì kó lára wọn sínú ẹgbẹ́ kan tó pè ní Salt. Àwọn ìbejì Lijadu bá a dé Munich ní 1972, ọdún ìdíje Òlíńpíìkì. Salt kò tọ́jọ́. Nígbà tó tú, Jones àti Akins fa Odumosu mọ́ra, wọ́n sì pinnu pé ẹni mẹ́ta ti tó.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni kéèyàn sọ pé ẹni mẹ́ta tó ní Èkó ìgbà yẹn. Ẹgbẹ́ háíláìfù ń kó afunfèrè mẹ́ta-mẹ́rin dání. Ẹgbẹ́ jùjú lè to èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sórí ìtàgé, gángan níhìn-ín, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, gìtá bíi márùn-ún láàárín. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá yẹ̀ níbẹ̀, àwọn yòókù á bò ó mọ́lẹ̀. Àpẹẹrẹ tí BLO ń wò ni Cream àti ẹgbẹ́ Jimi Hendrix, níbi tí ẹni mẹ́ta péré ti ń ṣe ariwo ogún èèyàn. Ẹ̀tàn ló wà níbẹ̀ o. Ìgbà tí onígìtá bá ń ta gbogbo okùn pọ̀, ara orin kún. Ìgbà tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ta, tó ń fi ìka kan lé okùn kan sókè-sódò, ihò ńlá á ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀. Oníbáàsì ló gbọ́dọ̀ dí i. Yóò ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, tí í ṣe pé kó so mọ́ ẹsẹ̀ onílù, yóò sì tún ṣe iṣẹ́ onígìtá tó ti fò lọ, tí í ṣe pé kó jẹ́ kí etí mọ ibi tí orin dé. Kò sí fèrè tí yóò sá sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ Fela lásìkò kan náà. Fela ló ń gbé ohùn báàsì kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ló ń gbé ti gìtá kalẹ̀, ló ń gbé ti fèrè kalẹ̀. Tony Allen nìkan ló ń dá ìlù tirẹ̀ rò. Oníbáàsì tó bá wà níbẹ̀ á gba ohùn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, á sì máa tún un ta fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìyẹn rọrùn. Ẹ gbé gìtá, kí ẹ ta ohùn mẹ́fà kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láì yára, láì falẹ̀, láì fi ọ̀kan kún un nítorí pé ó sú yín. Ẹ óò rí i pé sùúrù gan-an jẹ́ ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta, oníbáàsì ni olórin kejì gan-an.

Ohun kan wà tí kò jẹ́ kí ará ìlú mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ìgbéraga tàbí ìlara. Okùn tó nípọn jù lára báàsì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà kékeré inú rédíò alábátìrì tí gbogbo ilé ní nígbà yẹn kò lè mi afẹ́fẹ́ tó láti gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde. Ohun tí olùgbọ́ ń gbọ́ ni gìtá, orin ẹnu, àti ṣákáṣáká ìlù. Ti báàsì á ti sọnù kó tó kúrò nínú àpótí, àfi ojú rẹ̀ díẹ̀ tó yọ síta. Ìgbà téèyàn bá dé òde àríyá, tí àwọn sípíkà gàgàrà wà níbẹ̀, ni yóò mọ̀ pé ohun kan ń ti òun láyà. Bí rédíò ṣe gbé Berkely Jones dé Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta nìyẹn, tí Odumosu sì kù sí ọ̀nà.

Kì í kúkú ṣe pé Yorùbá kò mọ iṣẹ́ ohùn ìsàlẹ̀. Àgídìgbo ló ti ń ṣe é kí gìtá aláfagbáraná tó dé. Nínú àpàlà Haruna Ishola, ẹ fetí sí ohun tó ń dún dùm-dùm lábẹ́ orin, tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni ń mi orí: àpótí tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ díẹ̀ mọ́ lójú, tí ẹni tó gbé e ń fi ìka tẹ̀. Fatai Rolling Dollar àti J. O. Araba fi àgídìgbo dá irú orin kan sílẹ̀ ní Èkó ṣáájú òmìnira. Ẹni tó bá ti jó sí ìyẹn ti mọ ohun tí báàsì wà fún nínú ara rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ ohun èlò náà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ àwo náà. *Chapter One* ni orúkọ rẹ̀, EMI ló gbé e jáde ní 1973. Ẹ rántí pé ọdún yẹn kan náà ni oníbáàsì tó lókìkí jù láyé, Paul McCartney, dé sítúdíò EMI tó wà ní Wharf Road, Apapa, láti wá gba ohùn *Band on the Run* sílẹ̀. Méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀ láti bá a wá, ó sì di dandan fún un láti lu ìlù fúnra rẹ̀, kó tún ta báàsì. Àwọn ọmọ ìta já téèpù rẹ̀ gbà lójú títì. Fela fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin Áfíríkà gbé, McCartney sì ní láti lu ohun tó gbà sílẹ̀ fún un kó lè gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ariwo yìí ni gbogbo ìwé ìtàn orin Òyìnbó ń sọ nípa Èkó 1973. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ pé ọmọ Yorùbá oníbáàsì kan ti ń ṣe ohun tó le ju ti McCartney lọ lábẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà.

"Preacherman" ló ṣí àwo náà, gìtá Jones ń hó bí omi gbígbóná. Èmi kì í pẹ́ níbẹ̀. "Chant to Mother Earth" ni ibi tí mo máa ń jókòó sí. Orin náà falẹ̀. Akins kò yára, bí ẹni pé ó ń wọn ilẹ̀. Ohùn ẹnu ń jìnnà, ó ń sún mọ́ni. Gìtá ń rìn gbéregbère lókè, kò fẹ́ balẹ̀. Nísàlẹ̀, báàsì di ìwọ̀nba ohùn díẹ̀ mú, ó ń pa dà sí i, ó ń pa dà sí i, ṣùgbọ́n kò pa dà bákan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra: nígbà mìíràn á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, nígbà mìíràn á fi ohùn kan sílẹ̀ láì ta á. Ọwọ́ tí kò ta okùn ni mo ń sọ. Onígìtá tó bá dákẹ́ ti sinmi. Oníbáàsì tó bá dákẹ́ lójijì ti yọ àkàbà lẹ́sẹ̀ ẹni tó wà lókè. Odumosu ń ṣe é, Jones kò sì já bọ́.

Àwo náà kò tà. Àwọn kan á ní orin náà ti ṣáájú àkókò rẹ̀, àwáwí tó rọrùn ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ta ló fẹ́ náwó fún BLO? Lóde Yorùbá, olórin kì í jẹun lára àwo nìkan. Òde ìyàwó, òde ìsìnkú, òde oyè, ibẹ̀ lowó wà. Olórin jùjú á pe orúkọ bàbá onínàáwó, á pe ti ìyá rẹ̀, á kì í dé orírun, onínàáwó á dìde, á máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò sì ní gbà kó nìkan náwó. Bí Obey àti Sunny Adé ṣe lè bọ́ ẹgbẹ́ ńlá nìyẹn. BLO ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọrin sí oòrùn, sí oníwàásù, sí ilẹ̀ tó jẹ́ ìyá gbogbo wa. Oòrùn kì í náwó fún olórin. Àwọn ọmọ yunifásítì àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàràgàdà fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yá àwo lọ́wọ́ ara wọn ni.

Nípa báyìí, nígbà tí Osibisa ké sí Odumosu, kò yani lẹ́nu pé ó dá wọn lóhùn. Ọmọ Ghana mẹ́ta, Teddy Osei, Sol Amarfio àti Mac Tontoh, ló dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1969. Ẹ wo ipò oníbáàsì wọn, kí ẹ rí bí ó ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Spartacus R, ọmọ erékùṣù Grenada, ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jean Dikoto Mandengué, ọmọ Kamẹrúùnù. Lẹ́yìn náà ni Odumosu. Òun ló wà lórí *Welcome Home* ní 1975, àwo tó ní "Sunshine Day" nínú, orin tó gun orí òkè dé ipò 17 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ 1976. *Ojah Awake* tẹ̀ lé e ní 1976. Ẹni tí rédíò Èkó kò lè gbé ohùn rẹ̀ ti wá ń dún nínú yàrá ijó jákèjádò Yúróòpù. Ẹni mélòó nínú àwọn tó ń jó "Sunshine Day" ni orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí? Mo ti bi àwọn àgbà tó jó o nígbà yẹn. Wọ́n rántí fèrè.

Bí ẹ bá ń bi mí, mo ní orin tó dán gbinrin ni ti Osibisa, iṣẹ́ tó dáa ni, báàsì ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì mọ ipò rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nínú BLO ni Odumosu ti ń wá ohun tí kò tíì sọ nù. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ń san owó ilé rẹ̀.

Ẹni tó bọ́ sí ipò rẹ̀ ní Èkó ni Biddy Wright, ọkùnrin tí kò sí ohun èlò tí kò lè gbé. BLO kúrò lọ́dọ̀ EMI, wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ Afrodisia, ilé iṣẹ́ Decca, wọ́n sì gbé *Phase II* àti *Step Three* jáde ní 1975, *Phase IV* ní 1976. Orin wọn yí pa dà. Ó túbọ̀ sún mọ́ ijó, fọ́ńkì wọ inú rẹ̀ dáadáa, ariwo rọ́ọ̀kì lọ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ máa ń ní kí àwo lè tà ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Wright wà níbẹ̀ náà: báàsì tirẹ̀ kò rìn gbéregbère, ó ń gún ilẹ̀. Bí wọ́n bá yí ẹni tó wà nísàlẹ̀ pa dà, gbogbo ohun tó wà lókè á yẹ̀. Wright yìí kan náà ló bá àwọn ìbejì Lijadu ṣiṣẹ́ lórí àwo mẹ́rin tí Afrodisia gbé jáde, láti *Danger* ní 1976 dé *Horizon Unlimited* ní 1979. Ó ta báàsì, ó ta gìtá, ó tẹ dùùrù, ó darí ìgbohùnsílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ *Danger* lónìí, tí ọrùn yín sì ń mì kí Taiwo àti Kehinde tó la ẹnu, ẹ ti mọ ẹni tó ń mì ín.

Ẹnì kan wà nínú àwọn wọ̀nyí tó kọ̀ kí wọ́n gbàgbé òun. Kenneth Okulolo ni, ọmọ apá Niger Delta, tí wọ́n ń pè ní Baba Ken nísinsìnyí. Oníbáàsì Monomono ni, ẹgbẹ́ tí Joni Haastrup darí. Ìdílé ọba Iléṣà ni Haastrup ti wá, ó sì ti bá Ginger Baker ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Monomono ṣe àwo méjì tó dára fún EMI, èkejì ni *The Dawn of Awareness* ní 1974. Rọ́ọ̀kì wọn kò ké tó ti BLO, ó rọ̀ jù ú lọ, ó sì ní ẹ̀mí. Nígbà tó yá ni Okulolo ṣe ohun tí oníbáàsì kì í sábà ṣe: ó gbé àwo tirẹ̀ jáde, ó pè é ní *Talkin' Bass Experience*. Báàsì tó ń sọ̀rọ̀! Ẹni tó gbọ́ gángan dàgbà mọ ohun tí orúkọ yẹn ń fà. Láàárín 1980 sí 1990 ó ré kọjá sí Amẹ́ríkà, ó fìdí kalẹ̀ sí Oakland ní California, ó dá Kotoja sílẹ̀, ó dá West African Highlife Band sílẹ̀. Oníbáàsì ni aṣáájú níbẹ̀. Ó ní láti sọdá òkun kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí Ofege, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St Gregory's College tí wọ́n gbé *Try and Love* jáde fún EMI ní 1973 nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ aṣọ ilé ìwé. Paul Alade ni oníbáàsì wọn. Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, bí àwọn òbí wọn ṣe fẹ́.

Kí ló wá dé tí àwọn Òyìnbó lè dárúkọ oníbáàsì ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó ń dán nǹkan tuntun wò, tí àwa kò lè dárúkọ tiwa? Ẹ wo Holger Czukay. Ìlú Danzig ni wọ́n ti bí i ní 1938, ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Stockhausen, ó ń kọ́ ọmọ lórin kó tó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Can sílẹ̀ ní Cologne, nílẹ̀ Jámánì, ní 1968. Báàsì rẹ̀ kò le rárá. Ohùn méjì-mẹ́ta ló ń ta. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni ńlá ni pé òun ló ń mú àlùmọ́gàjí. Can ní sítúdíò tiwọn, ilé sinimá àtijọ́ kan ní Weilerswist. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ṣeré fún wákàtí bíi mélòó kan, téèpù á máa yí, Czukay á wá gé e, á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, á fa orin ìṣẹ́jú díẹ̀ yọ nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wo aago mọ́ wọn lójú. Ní 1977 ó gbé báàsì fún Rosko Gee, ọmọ Jàmáíkà tó ti wà nínú Traffic, òun fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò olójú-ìgbì-kúkúrú àti téèpù ṣeré lórí ìtàgé. Ìgbà kan náà ni Reebop Kwaku Baah, onílù ọmọ Ghana, wọlé síbẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni Czukay kúrò pátápátá. Ó kú ní 2017, gbogbo ìwé ìròyìn ńlá ló kọ nípa rẹ̀.

Ní Èkó, ilé iṣẹ́ ló ni sítúdíò, ilé iṣẹ́ ló ni téèpù, pùrodúsà ló ni wákàtí. Odion Iruoje tó wà ní EMI jẹ́ ẹni tí etí rẹ̀ ṣí gan-an, láìsí i, kì bá tí sí ìdajì orin tí mò ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí kò sí lọ́wọ́ olórin. Ginger Baker ṣí sítúdíò tirẹ̀ ní Ikeja ní oṣù kìíní 1973, olórin ló ni ìyẹn, àmọ́ kò tọ́jọ́. Kéèyàn dán nǹkan tuntun wò, ó gba kó ní àyè láti ba nǹkan jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó rí ohun tó dára lọ́jọ́ kan. Ta ni yóò gba ìyẹn lọ́wọ́ Odumosu nígbà tí ẹlòmíràn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wọlé gba ohùn sílẹ̀?

Ní Libreville tí mo ti ń kọ èyí, ní àdúgbò Sibang tí àwọn igi ńláńlá inú ọgbà ìjọba ṣì ṣíji bo etí títì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Lásìkò tí BLO ń wá ẹni tí yóò náwó, ẹgbẹ́ olórin tó lókìkí jù ní Gabon ni Massako tí Mackjoss darí, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun ìlú ni. Oníbáàsì tó bá wà níbẹ̀, ìjọba ló fi gìtá lé e lọ́wọ́. Kò ní sọ pé ebi lé òun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kò sì ní sọ pé òun á dédé máa ta ohun tó wu òun. Ẹni tó dán nǹkan wò ní Gabon, òde ni ó ti ṣe é: Pierre Akendengué gbé *Nandipo* jáde ní Faransé ní 1974 pẹ̀lú Naná Vasconcelos, onílù ọmọ Brazil. Lẹ́yìn 1990, òun àti Hughes de Courson pa orin Bach pọ̀ mọ́ orin ilẹ̀ Gabon nínú *Lambarena*. Mo fẹ́ràn àwo yẹn ju bí ó ti yẹ lọ. Gbogbo ilé tí Bach kọ́, orí ohùn ìsàlẹ̀ ló dúró lé, àwọn onílù Gabon sì mọ ibi ìpìlẹ̀ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ẹni tó wọ ilé àna rẹ̀. Nínú àwọn ilé ọtí Sibang lálẹ́, rúḿbà Congo ni wọ́n ń lù, sípíkà wọn tóbi, báàsì á gba ara ògiri jáde sí títì. Ẹnikẹ́ni kò bi mí rí pé ta ló ń ta á.

Nínú àwọn mẹ́ta tó fi lẹ́tà wọn sílẹ̀, Laolu Akins ló rí àlùmọ́gàjí náà gbà nígbẹ̀yìn. Ó di pùrodúsà. Òun ló darí *Ace* fún Shina Peters ní 1989, àwo tó sọ afro-jùjú di àrùn tó ń ran gbogbo ilẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ìlù àti báàsì ṣe ń sáré pọ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi pé kò sí rọ́ọ̀kì nínú rẹ̀. Ní 2001, ilé iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù kó orin BLO jọ sínú àwo kan tí wọ́n pè ní *Phases 1972–1982*, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi kọ́kọ́ gbọ́ wọn.

Ẹ lè rí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Àmọ́ ẹ má fi fóònù gbọ́ ọ. Sípíkà fóònù kéré ju ti rédíò alábátìrì lọ, ohun tó ṣe Odumosu ní 1973 á tún ṣe é. Ẹ wá sípíkà tó ní àyà, tàbí ohun ìgbọ́rọ̀ tó ń bo etí. Ẹ fi "Chant to Mother Earth" bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi Jones sílẹ̀ kó máa lọ síbi tó ń lọ.